Béhanzin

Béhanzin (nǹkan bí ọdún 1845 – ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1906) jẹ́ ọba Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Abomey, ní gúúsù orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Benin lónìí. Ó gorí ìtẹ́ ní ìparí ọdún 1889, ó bá àwọn Faransé jagun ní ìgbà méjì, wọ́n sì mú un lọ sí ìgbèkùn ní ọdún 1894. Òun ni ọba tí ó kẹ́yìn tí ó jẹ ní Abomey láìjẹ́ pé òyìnbó ni ó fi í jọba. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ ìlú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1892, wọ́n kó ìtẹ́, ọ̀pá àṣẹ, ère àti ilẹ̀kùn ààfin, àwọn kan nínú wọn sì dé Paris. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú àwọn ohun oyè náà padà sílé ní ọdún 2021, lẹ́yìn ọdún 129.

Ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaró dé Ayétòrò, Ẹ̀gùá àti Ìmẹ̀kọ, kì í ṣe inú ìwé ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Dàhòmì. Ogun Dàhòmì ti jà níbẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí Béhanzin tó jọba, àwọn ènìyàn tí wọ́n kó ní ẹkùn náà sì wà lára ohun tí ọrọ̀ ààfin Abomey fi pọ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn àwọn ohun oyè rẹ̀ fi ní ojú méjì fún àwọn tí ó ń gbé ní ààlà Nàìjíríà àti Benin.

Ìbí àti ìgbà tí ó jẹ́ ọmọ ọba

Orúkọ tí ó ń jẹ́ kí ó tó jọba ni Kondo. Bàbá bàbá rẹ̀, Ghézo, ni ó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí a bí i. Bàbá rẹ̀, Glèlè, jọba ní ọdún 1858, ó sì lo ọdún 31 lórí oyè. Ààfin tí Kondo dàgbà sí kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ọba kọ̀ọ̀kan a máa kọ́ ààfin tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì gba ilẹ̀ tí ó ju hẹ́kítà 40 lọ, tí ògiri amọ̀ gíga yí ká. Àwọn ayaba, àwọn ìwẹ̀fà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọmọ ogun obìnrin tí a ń pè ní Agojie wà lára àwọn tí ó ń sin ọba nínú rẹ̀.

Ní Dàhòmì, ọba fúnra rẹ̀ ni ó máa ń yan àrólé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Kondo sì ni Glèlè yàn. Nígbà tí arúgbó ọba náà ń lọ sí òpin ayé rẹ̀, Kondo ni ó ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ìlú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1889, aṣojú ìjọba Faransé kan, Jean Bayol, wá sí Abomey nítorí Kútọnù. Ó ní àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1868 àti 1878 ti sọ ìlú etíkun náà di ti Fránsì, nítorí náà kí ọba yé gba owó bodè níbẹ̀. Kondo ni ó dá a lóhùn jù. Kò gbà pé ọba kankan lè fi ilẹ̀ àwọn baba ńlá ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bayol kúrò ní Abomey ní ìparí oṣù Kejìlá láìrí ohun tí ó wá gbà, Glèlè sì wàjà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Dàhòmì àti àwọn Yorùbá ìwọ̀ oòrùn

Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Dàhòmì ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́. Kana, ìlú mímọ́ tí ó wà ní tòsí Abomey, wà lára ibi tí wọ́n ti máa ń kó ìṣákọ́lẹ̀ náà jọ. Ghézo ni ó já okùn yìí ní nǹkan bí ọdún 1823, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ. Láti ìgbà náà ni ogun Dàhòmì ti kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n ba Òkè-Ọ̀dàn jẹ́ ní ọdún 1848. Wọ́n kọlu Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà ní ìgbà méjèèjì. Ní ọdún 1862 wọ́n pa Ìṣàgá run. Ní ọdún 1886, ní ayé Glèlè, wọ́n wọ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú náà lọ sí Abomey.

Ìṣubú Kétu kò dúró sí Kétu. Ẹ̀gùá àti Ìmẹ̀kọ jẹ́ ìlú tí àwọn ará rẹ̀ bá Kétu tan, èdè wọn kan náà ni, ọ̀nà oko àti ọjà wọn sì jọ wọ ara wọn. Nígbà tí odi Kétu wó, kò sí ìlú alágbára mọ́ láàárín wọn àti Abomey. Nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, wọ́n ta àwọn kan sí etíkun, wọ́n fi àwọn mìíràn sí oko ọba, wọ́n sì pa àwọn kan níbi ètùtù ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọba tí ó ti kú. Àwọn kan di ará ààfin. Anago ni àwọn Fọ̀n ń pe àwọn Yorùbá, ipa wọn sì hàn gbangba ní ààfin náà: Ifá, tí wọ́n ń pè ní Fá, ni ọba fi ń gbìmọ̀, Guédégbé sì ni babaláwo tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù ní ayé Glèlè àti Béhanzin.

Orúkọ oyè àti àmì rẹ̀

Ọba Dàhòmì kọ̀ọ̀kan a máa yan orúkọ oyè láti inú gbólóhùn kan tí ó sọ ohun tí ìjọba rẹ̀ yóò jẹ́, a sì máa ń yọ àmì jáde láti inú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Ẹfọ̀n ni àmì Ghézo, kìnnìún ni ti Glèlè. Orúkọ Béhanzin wá láti inú ọ̀rọ̀ Fọ̀n tí ó túmọ̀ sí pé ayé gbé ẹyin kan dání, ẹyin tí ilẹ̀ ń fẹ́. Nítorí náà ẹyin jẹ́ ọ̀kan nínú àmì rẹ̀. Èkejì ni ẹja àkurákudà, ẹja òkun eléyín mímú tí ń da omi rú níbi tí ìgbì ti ń fọ́ sí etíkun. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Faransé gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lè gúnlẹ̀ sí Kútọnù. Kò sí ẹni tí ó rí àmì yìí ní ọdún 1890 tí kò mọ ẹni tí ó ń bá wí.

Àwọn ohun oyè Abomey

Ẹni tí ó bá ti ìlú aládé wá yóò kọ́kọ́ wá adé láàárín àwọn ohun oyè Dàhòmì, kò sì ní rí irú rẹ̀. Ọba Abomey kì í dé adé ìlẹ̀kẹ̀ tí ń bo ojú bí ti àwọn ọba Yorùbá. Fìlà ni ó máa ń dé. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀: nínú ààfin, òun nìkan ni ó ń wọ sálúbàtà, gbogbo àwọn yòókù, títí kan ìjòyè tí ó ga jù, a máa wọlé tọ̀ ọ́ láìwọ bàtà. Agboòrùn ńlá tí wọ́n fi aṣọ àwọ̀ oríṣiríṣi gé àwòrán lé lórí máa ń ṣíji bò ó bí ó bá jáde, ìkòkò tábà gígùn kì í sì jìnnà sí i.

Ọ̀pá àṣẹ wọn ni a ń pè ní makpo. Ó kúrú, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ti àáké tàbí ọkọ́, ọba a sì máa gbé e kọ́ èjìká. Lórí irin tàbí fàdákà tí ó wà ní orí rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣe àmì ọba. Ìránṣẹ́ tí ó bá gbé makpo dání dé ìlú kan ti di ẹnu ọba, ẹni tí ó bá sì rí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un bí ẹni tí ó rí ọba fúnra rẹ̀. Àwọn Faransé pè é ní récade, orúkọ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Potogí fún iṣẹ́ tí a rán ni.

Lẹ́yìn èyí ni asen, pẹpẹ irin kékeré tí a ń gún mọ́lẹ̀, tí a sì ń da ohun mímu sí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún òkú ọba kọ̀ọ̀kan. Ìdílé Hountondji, àwọn alágbẹ̀dẹ ààfin, ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ irin àti fàdákà wọ̀nyí. Sossa Dédé, agbẹ́gilére ọba, ni a gbà pé ó gbẹ́ ère ńlá méjì tí ó lókìkí: ọ̀kan jẹ́ ènìyàn tí orí rẹ̀ jẹ́ ti kìnnìún, ti Glèlè nìyẹn; èkejì jẹ́ ènìyàn tí ara rẹ̀ àti orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹja àkurákudà, ti Béhanzin. Iṣẹ́ ọwọ́ ààfin kan náà ni àwọn ilẹ̀kùn Glèlè, tí wọ́n fi igi gbẹ́ ẹranko, ohun ìjà àti àmì ọba sí, tí wọ́n sì fi ọ̀dà kùn. Lọ́dọọdún, nígbà ètùtù ńlá, wọ́n máa ń gbé ọrọ̀ ọba jáde kí gbogbo ìlú lè rí i: àga, aṣọ, fàdákà, ìbọn àti ohun tí wọ́n kó lójú ogun.

Ìtẹ́ ni ó ga jù. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ìjókòó tí ó tẹ̀ bí ọ̀sán, àwòṣe rẹ̀ sì sún mọ́ ti àpótí àwọn Àkán ní Gánà. Ìtẹ́ Ghézo kan ṣì wà ní Abomey títí di òní tí wọ́n gbé lé orí agbárí mẹ́rin tí a ní ó jẹ́ ti àwọn ọ̀tá rẹ̀. Òmíràn, tí a mọ̀ mọ́ ìlú Kana, fi ìtàn ìjọba náà hàn láìfi nǹkan pamọ́. Ní òkè rẹ̀, ọba wà lábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú àwọn tí ń sìn ín. Ní ìsàlẹ̀, àwọn ẹrú tò tẹ̀lé ara wọn pẹ̀lú ìdè lọ́rùn. Orí ẹ̀yìn àwọn ẹrú yẹn gan-an ni ìjókòó ọba wà. Kò sí orúkọ ìlú lára wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ogun Dàhòmì ń gbà kò ní ṣàì ronú nípa Ìṣàgá àti Kétu nígbà tí ó bá dúró síwájú rẹ̀.

Kì í ṣe Abomey nìkan ni wọ́n ti ń sọ ogun di ohun oyè. Ní ọdún 1881, ọdún mẹ́jọ ṣáájú kí Béhanzin tó jọba, Carol Kìn-ín-ní ti Romania fi irin àgbá ogun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì ní Plevna rọ adé tí wọ́n fi sọ ọ́ di ọba. Adé irin ni, wọn kò fi wúrà sí i.

Ogun méjì pẹ̀lú Fránsì

Ní oṣù Kejì ọdún 1890, Bayol mú ọmọ ogun wọ Kútọnù, ó sì ti àwọn ìjòyè Dàhòmì tí ó wà níbẹ̀ mọ́lé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, ogun Dàhòmì, tí àwọn Agojie wà nínú rẹ̀, kọlu àgọ́ àwọn Faransé ní Kútọnù. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin wọ́n tún pàdé ní Atchoukpa, nítòsí Àjàṣẹ́. Dàhòmì kò lè lé àwọn Faransé lọ, àwọn Faransé náà kò sì tíì ṣe tán láti lọ sí Abomey. Béhanzin ti mú àwọn òyìnbó kan ní Ouidah gẹ́gẹ́ bí ẹni ìdógò, àlùfáà Dorgère sì wà lára wọn. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ní Ouidah ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1890. Ọba gbà kí Fránsì dúró ní Kútọnù, kí ó sì máa dáàbò bo Àjàṣẹ́. Fránsì gbà láti máa san 20,000 fránkì fún un lọ́dọọdún dípò owó bodè.

Kò sí ẹni tí ó ka àdéhùn náà sí ìparí ọ̀rọ̀. Béhanzin lo ọdún kan àbọ̀ tí ó tẹ̀lé e láti ra ìbọn tuntun àti àgbá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Ouidah. Ẹrú wà lára ohun tí ó fi san owó náà, ogun rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró ní àwọn ìlú tí ó yí i ká. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọba tí ọ̀pọ̀ ń pè ní akọni lónìí nítorí pé ó kọ̀ láti tẹrí ba fún òyìnbó kan náà ni ọba tí ó fi ènìyàn ra ìbọn. Bí a bá sọ ọ̀kan tí a kò sọ èkejì, a kò tíì sọ ìtàn rẹ̀ tán.

Ní ìlà oòrùn, ilẹ̀ ti ń yí padà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti fi ìlà pín ilẹ̀ náà láàárín ara wọn, Kétu sì bọ́ sí apá kan, Ìlaró sí apá kejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1890, àwọn ìlú Yewa kan fúnra wọn ti ń wá ààbò lọ́dọ̀ ìjọba Èkó nítorí ogun tí ó yí wọn ká.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1892, wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ ogun Faransé kan, Topaze, lórí odò Wẹ̀mẹ̀. Victor Ballot, aṣojú Fránsì ní Àjàṣẹ́, wà nínú rẹ̀. Èyí ni àwọn ará Paris ń retí. Wọ́n fi ogun náà lé Ọ̀gágun Alfred Dodds lọ́wọ́, ọmọ Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú àti ti òyìnbó jọ wà nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ odò Wẹ̀mẹ̀ gòkè pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Sẹ̀nẹ̀gàl àti àwọn ọmọ ogun àjèjì tí Fránsì ń gbà síṣẹ́. Ní Dogba, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ogun Dàhòmì kọlù wọ́n ní ìdájí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ṣubú. Wọ́n tún jà ní Poguessa àti Adégon ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Ní gbogbo ìjà wọ̀nyí àwọn ọmọ ogun Béhanzin, ọkùnrin àti obìnrin, sún mọ́ ọ̀tá débi tí ọ̀bẹ tí àwọn Faransé so mọ́ orí ìbọn fi pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kana ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá.

Iná Abomey

Béhanzin kò dúró de Dodds nínú ìlú. Kí àwọn Faransé tó dé ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1892, ó pàṣẹ pé kí wọ́n tiná bọ ààfin, ó sì kọjá lọ sí ìhà àríwá, sí Atchérigbé. Ìtàn ìdílé ọba kà á sí pé kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ àjèjì tẹ ilé àwọn baba rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ohun ọlá wọn bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Iná náà kò jó gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ti gbé àwọn ohun kan pamọ́ sí abẹ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì rí wọn: ìtẹ́, àwọn ère ńlá, ilẹ̀kùn ààfin Glèlè. Wọ́n pín ọ̀pọ̀ láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìkógun; ọ̀pá àṣẹ àti ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà bá àwọn ọ̀gá ogun lọ sí ilé wọn ní Fránsì, àwọn kan sì di ohun títà. Dodds, tí wọ́n ti gbé ga sí ipò ọ̀gágun àgbà, fi àwọn tí ó tóbi jù ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro ní Paris lọ́rẹ ní ọdún 1893 àti 1895. Àwọn ará Paris ń lọ wò wọ́n nígbà tí ẹni tí ó ni wọ́n ṣì ń sá kiri nínú igbó.

Iná yìí kan náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ẹrú Kétu. Láàárín ọdún 1893 àti 1894, àwọn tí ó kù láàyè nínú wọn padà láti Abomey sí ahoro ìlú wọn, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì fi Aláketu tuntun jẹ.

Béhanzin lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ nínú igbó, ó ń ránṣẹ́, ó sì ń wá ọ̀nà láti bá olórí ìjọba Fránsì fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1894 àwọn Faransé fi ẹbí rẹ̀ kan jọba, ẹni tí ó gba orúkọ Agoli-Agbo. Béhanzin fi ara rẹ̀ lé Dodds lọ́wọ́ ní Goho, lẹ́bàá Abomey, kí oṣù náà tó parí. Agoli-Agbo náà kò pẹ́: wọ́n lé e lọ sí Gàbọ́ọ̀nù ní ọdún 1900, ìjọba Dàhòmì sì parí síbẹ̀.

Ìgbèkùn

Ibi tí Béhanzin rò pé wọ́n ń mú òun lọ ni Fránsì. Martinique, erékùṣù Fránsì kan ní òkun Kàríbíànì, ni wọ́n mú un lọ. Ó gúnlẹ̀ sí Fort-de-France ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1894 pẹ̀lú mẹ́rin nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta àti ọmọkùnrin rẹ̀ Ouanilo. Wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí ilé odi ogun Tartenson. Àwọn ènìyàn ń wá wò ó, àwọn ayàwòrán sì ń ya àwòrán rẹ̀ tà gẹ́gẹ́ bí káàdì ìfìwéránṣẹ́: ọba pẹ̀lú aṣọ ìbora, ìkòkò tábà àti agboòrùn, àwọn ẹbí rẹ̀ jókòó yí i ká. Díẹ̀ ni ohun oyè tí ó ṣẹ́kù fún un, kò sì jọ pé ó pa ọ̀kankan tì.

Léraléra ni ó kọ̀wé sí ìjọba Fránsì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé. Ouanilo, tí ó ń lọ sí ilé ìwé ní erékùṣù náà, a máa ràn án lọ́wọ́. Ó ṣì wà ní Martinique ní oṣù Kàrún ọdún 1902 nígbà tí òkè oníná Pelée pa ìlú Saint-Pierre run. Ní ọdún 1906 wọ́n gbà kí ó kúrò, kì í ṣe sí Dàhòmì, bí kò ṣe sí Àlgéríà. Ara rẹ̀ kò dá mọ́ nígbà náà. Ó kú ní Algiers ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1906, wọ́n sì sin ín síbẹ̀.

Ouanilo di agbẹjọ́rò ní Fránsì, ó sì jagun fún orílẹ̀-èdè tí ó lé bàbá rẹ̀ kúrò nílé nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ọdún 22 ni ó kọjá kí ìjọba tó gbà fún un láti gbé egungun bàbá rẹ̀ padà. Ní ọdún 1928 wọ́n sin Béhanzin ní Djimè, ní Abomey. Ouanilo fúnra rẹ̀ kú ní ọdún kan náà, lójú ọ̀nà àjò ìpadàbọ̀ rẹ̀ sí Fránsì.

Àwọn ohun oyè lẹ́yìn ikú rẹ̀

Láti Trocadéro, àwọn ìtẹ́ àti ère náà kọjá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ní Paris, Musée de l'Homme, nígbà tí ó sì di ọdún 2006 wọ́n wà ní Musée du quai Branly. Ní ìparí ọdún náà, tí ó pé 100 ọdún tí Béhanzin ti kú, quai Branly yá Fondation Zinsou ní Kútọnù ní àwọn kan lára wọn fún oṣù díẹ̀. Àwọn tí ó wá wò wọ́n ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n tún kó wọn padà sí Paris.

Ní ọdún 2016, ìjọba Ààrẹ Patrice Talon béèrè pé kí wọ́n dá wọn padà. Fránsì kọ̀, ó ní òfin òun kò gbà kí ohun tí ó wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà yí padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, nígbà tí Ààrẹ Emmanuel Macron sọ ní Ouagadougou pé òun fẹ́ kí àwọn ohun àjogúnbá Áfríkà máa padà sílé. Ìwádìí tí Felwine Sarr àti Bénédicte Savoy ṣe fún un ní ọdún 2018 fi hàn pé ohun tí ó wá láti ilẹ̀ Benin ní quai Branly nìkan lé ní 3,000. Òfin pàtàkì kan jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó sì yọ̀ǹda 26.

Irú ẹjọ́ yìí kò mọ sí Áfríkà. Romania kó wúrà rẹ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye Ọbabìnrin Marie lọ sí Moscow fún ìpamọ́ láti ìparí ọdún 1916, nígbà tí ogun Jámánì ń bọ̀. Ìjọba Rọ́ṣíà tí ó dìde lẹ́yìn náà dá iṣẹ́ ọnà àti ìwé díẹ̀ padà ní ọdún 1935 àti 1956, ṣùgbọ́n ohun ọ̀ṣọ́ ọbabìnrin náà kò padà mọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Romania fúnra rẹ̀ ni ó gbé tirẹ̀ fún ẹni tí ó gbà á pamọ́. Ti Abomey, lójú ogun ni wọ́n ti kó o.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn 26 náà dé Kútọnù. Àwọn ènìyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti kí wọn, wọ́n sì ṣí ìpàtẹ wọn nínú ààfin ààrẹ ní oṣù Kejì ọdún 2022. Ère ẹja àkurákudà ti Béhanzin wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ère Ghézo àti ti Glèlè, ìtẹ́ Ghézo àti ti Glèlè, ilẹ̀kùn mẹ́rin, asen, ọ̀pá àṣẹ àti ṣòkòtò ọmọ ogun kan. Ìtẹ́ Kana náà dé, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí a dè lọ́rùn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìpadàbọ̀ yìí ni Mati Diop fi ṣe fíìmù Dahomey, tí ó gba ẹ̀bùn tí ó ga jù ní àjọyọ̀ fíìmù Berlin ní ọdún 2024. Fíìmù náà kò fi pamọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ Benin fúnra wọn kò fohùn ṣọ̀kan: àwọn kan ń dúpẹ́ fún 26, àwọn mìíràn ń béèrè ìyókù.

Ní ọdún 2025, Fínlándì dá àpótí ọba kan tí a ń pè ní kataklè padà fún Benin. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Faransé ni ó ti gbé e fún wọn ní ọdún 1939. Gou, ère irin ọlọ́run ogun tí ó dọ́gba pẹ̀lú Ògún àwọn Yorùbá, kò sí nínú èyíkéyìí nínú àwọn tí ó ti padà. Akati Ekplékendo, alágbẹ̀dẹ tí Dàhòmì kó lẹ́rú láti Doumè, ni ó rọ ọ́. Àwọn ọmọ ogun Faransé mú un ní Ouidah ní ọdún 1894, ó sì wà ní Louvre.